Ẹjọ́ ìpalára nígbà ìbímọ: inú fáìlì ni àre wà

Bí ọmọ bá jáde tí kò ké, tí wọ́n sáré gbé e lọ, tí àwọn òbí wá gbọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa, ohun tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni pé ọwọ́ ẹnì kan ló ti wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ kì í dá dókítà lẹ́bi torí pé nǹkan bàjẹ́. Ohun tó ń béèrè ni pé: kí ni dókítà tàbí agbẹ̀bí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ì bá ti ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn? Ṣé ẹni tó wà níbẹ̀ ṣe é? Ká ní ó ṣe é, ṣé ọmọ náà ì bá yè láìfarapa? Ìdí ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ń kú sí.

Ọ̀pọ̀ àlàyé tí èèyàn ń rí kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, orí iye owó tí ẹnì kan gbà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Owó ló kẹ́yìn nínú gbogbo rẹ̀. Fáìlì ló ṣáájú.

Àwọn lọ́yà a máa pín irú ẹjọ́ yìí sí mẹ́rin: ojúṣe, ìkùnà, okùnfà, ìpalára. Ojúṣe kì í fa àríyànjiyàn. Gbàrà tí ilé ìwòsàn bá ti gba aláboyún wọlé, ojúṣe ti dé. Ìpalára náà sábà máa ń hàn sí gbogbo ojú. Orí ìkùnà àti okùnfà ni ìjà wà, ẹ̀rí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ yàtọ̀ síra. Wọ́n lè fi aláboyún sílẹ̀ fún wákàtí méjì láìyẹ ọkàn ọmọ wò, kí ìkùnà náà hàn kedere, kí olùpẹ̀jọ́ sì tún pàdánù, torí pé àwòrán ọpọlọ fi hàn pé ìpalára náà ti wà kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ní cerebral palsy (àìlera ara tí ìpalára ọpọlọ ń fà), ohun tó fà á kì í ṣe àìtó ọ́síjìn nígbà ìrọbí. Ó lè jẹ́ pé oṣù wọn kò pé, ó lè jẹ́ àkóràn inú oyún, ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n bí mọ́ wọn. Lọ́yà tí kò bá sọ èyí fún yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fura sí i.

Ìwé tí ẹ máa béèrè

Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn, kí ẹ gba ẹ̀dà ìwé ìtọ́jú ìyá àti ti ọmọ. Fáìlì méjì ni o, torí láti ìgbà tí ọmọ ti jáde ló ti ní tirẹ̀. Bí ẹ bá kàn kọ “ìwé ìtọ́jú” lásán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwé olójú-ewé méjì tí wọ́n fi dá yín sílẹ̀ lọ sílé ni wọ́n máa tún fún yín. Ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwé ìgbà oyún àti èsì scan, partograph (ìwé tí wọ́n fi ń tọpa bí ìrọbí ṣe ń lọ), bébà CTG (ẹ̀rọ tó ń kọ ìlù ọkàn ọmọ àti ìsúnkì ilé ọmọ) láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwé oògùn, pàápàá ìgbà tí wọ́n fi dírípù oxytocin (oògùn tó ń mú ìsúnkì lágbára) sí i àti gbogbo ìgbà tí wọ́n fi kún un, ìwé dókítà tó ń kun ìyá lóorun, ìwé àkọsílẹ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ, ìwé tí ìyá fọwọ́ sí, ìwé bí wọ́n ṣe ran ọmọ lọ́wọ́ láti mí, èsì ẹ̀jẹ̀ okùn ìwọ́, àwòrán ọpọlọ MRI fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìwé àlàyé rẹ̀ nìkan. Ẹ tún béèrè ìlànà iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn náà ń tẹ̀lé ní ọdún tí wọ́n bí ọmọ. Ìlànà ti ìsinsìnyí kò wúlò fún ẹjọ́ ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ilé ẹjọ́ kò sì ní fi ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ dá ẹni tó ṣiṣẹ́ nígbà náà lẹ́jọ́.

Bébà CTG yẹn gba ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ náà kì í lo yíǹkì, ooru ló fi ń kọ̀wé, bíi ti rìsíìtì, ohun tó kọ a sì máa ṣá. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá náílọ̀n tàbí síbi tí oòrùn ń pa, ìlà náà lè parẹ́ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ìrọbí wákàtí 10 lórí ẹ̀rọ tó ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà 1 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ bébà mítà 6. Tí wọ́n bá wá gé e sí wẹ́wẹ́ láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n gé e ni ìṣẹ́jú tó ṣe pàtàkì lè ti sọnù. Kí ẹ sọ pé ẹ̀dà tí etí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan gun orí èkejì ni ẹ fẹ́, tí aago tí ẹ̀rọ tẹ̀ sórí rẹ̀ sì hàn. Bí ilé ìwòsàn bá ń tọ́jú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ béèrè fáìlì kọ̀ǹpútà náà.

Fún àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, ohun kan wà tí àwọn òbí kì í mọ̀ pé àwọn lè béèrè: àkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé sínú fáìlì, ìgbà tó wọlé, ohun tó kọ àti ohun tó yí padà. Nọ́ọ̀sì lè kọ̀wé lẹ́yìn tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, bó bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yìn ìṣẹ̀lẹ̀ lòun kọ ọ́. Èyí tó ń kóni sí wàhálà ni kí ìwé sọ pé aago 3:10 òru ni, kí kọ̀ǹpútà sì fi hàn pé aago 11 òwúrọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ọmọ lọ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ibi ọmọ náà jẹ́ ẹ̀rí. Bí ọmọ bá jáde láìlágbára, ó yẹ kí wọ́n fi ibi rẹ̀ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa rí àkóràn, ẹ̀jẹ̀ dídì, tàbí ibi tí kò dàgbà tó, ìyẹn ohun tó lè fi hàn pé wàhálà náà ti pẹ́ nínú oyún. Ilé ìwòsàn tó bá dà á nù ti sọ ẹ̀rí tó lè gbà wọ́n sílẹ̀ nù, ó sì ti sọ ti ẹ̀yin náà nù.

Aago mélòó ló wà nínú yàrá ìrọbí?

Aago ara ògiri wà, ti ẹ̀rọ CTG wà, ti kọ̀ǹpútà wà, ti yàrá iṣẹ́ abẹ wà, ti ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà wà. Ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo wọn bára mu. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí lọ́yà tó mọṣẹ́ máa ṣe ni pé kó so gbogbo wọn mọ́ aago kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. CTG sọ pé aago 2:14 ni ìlù ọkàn ọmọ já wálẹ̀ sí 70, kò sì gòkè mọ́. Agbẹ̀bí kọ ọ́, pẹ̀lú aago ara ògiri, pé òun pe dókítà ní 2:20. Ó dà bíi pé ìṣẹ́jú 6 péré ló kọjá. Ṣùgbọ́n bí aago CTG bá fi ìṣẹ́jú 7 yára ju ti ara ògiri lọ, aago 2:07 ni ọkàn ọmọ já ní tòótọ́, ìṣẹ́jú 13 ló sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó pe dókítà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ìlù ọkàn ọmọ bá já bẹ́ẹ̀ tó pé ìṣẹ́jú 3, ó yẹ kí wọ́n ti pe ìrànlọ́wọ́. Bó bá pé 9 tí kò tíì padà, ó yẹ kí wọ́n máa yára bí ọmọ náà. Ìṣẹ́jú 6 ṣeé jiyàn lé lórí. Ìṣẹ́jú 13 kò ṣeé jiyàn.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé aago kan yára? Ẹ wá ohun kan ṣoṣo tí aago méjì kọ sílẹ̀. Aago ìbí ọmọ máa ń wà nínú ìwé yàrá iṣẹ́ abẹ àti nínú ìwé agbẹ̀bí. Ìgbà tí wọ́n yọ ẹ̀rọ lára ìyá láti gbé e lọ máa ń hàn lórí bébà CTG. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń tẹ aago tirẹ̀ sórí èsì. Fóònù àwọn mọ̀lẹ́bí náà wúlò gan-an: orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni fóònù ti ń gba aago, nítorí náà ìpè tí bàbá ọmọ pè àti fọ́tò tí ìyá àgbà yà lè péye ju gbogbo aago ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má pa wọ́n rẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀mọ̀ràn, ìyẹn onímọ̀ ìṣègùn tó ń jẹ́rìí nílé ẹjọ́, tó máa ka CTG náà á tó lè sọ̀rọ̀. Ìlù 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n kà sí déédéé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn nìkan kò tó nǹkan. Ìlà náà gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n ìlù 5 sí 25. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ fún ìgbà pípẹ́, tí ọkàn sì ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìsúnkì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọ̀mọ̀ràn á tún wo ìlà ìsàlẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń gbójú fò: ìsúnkì ilé ọmọ. Bó bá ju 5 lọ ní ìṣẹ́jú 10, ó ti pọ̀ jù. Àárín ìsúnkì méjì ni ẹ̀jẹ̀ tuntun ń wọ ibi ọmọ. Bí àárín náà bá kúrú jù, ọmọ kò ráyè gba ọ́síjìn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ oxytocin, orí ìwé oògùn ni ìkùnà ti ń hàn. Ìsúnkì ti di 6 tàbí 7, ọkàn ọmọ ti ń já, síbẹ̀ ìwé sọ pé wọ́n tún fi kún dírípù náà dípò kí wọ́n dín in kù tàbí kí wọ́n pa á.

Ìṣòro mìíràn tún wà tó ń tan àwọn tó ń ka CTG. Ẹ̀rọ náà lè gbọ́ ọkàn ìyá kó sì máa kọ ọ́ bí ẹni pé ti ọmọ ni, pàápàá nígbà tí ìyá bá ń rọbí gidigidi tí ọkàn tirẹ̀ ń sáré. Ìlà náà á dára lójú, ọmọ á sì wà nínú ewu. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n máa yẹ ìlù ọkàn ìyá wò lọ́tọ̀ kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní Amẹ́ríkà, sẹ̀ǹtímítà 3 ni bébà ń rìn ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀mọ̀ràn tí ojú rẹ̀ mọ́ èyí lè ṣi ti sẹ̀ǹtímítà 1 kà.

Okùnfà: ohun tí ara ọmọ sọ

Okùn ìwọ́ ní iṣan ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta. Ńlá kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ti gba ọ́síjìn wá bá ọmọ, kékeré méjì sì ń gbé èyí tí ọmọ ti lò padà. Inú àwọn kékeré yìí ni ipò ọmọ ti ń hàn, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti inú ńlá àti láti inú kékeré. Bí èsì méjèèjì bá rí bákan náà gẹ́lẹ́, ẹ fura: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú iṣan kan náà ni wọ́n ti fà á lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó rọrùn jù, ìyẹn ńlá. pH (òṣùwọ̀n kíkan ẹ̀jẹ̀) tó bá wà lábẹ́ 7.0, tàbí base deficit (òṣùwọ̀n bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀) tó bá tó 12 mmol/L, ń tọ́ka sí àìtó ọ́síjìn tó sún mọ́ ìgbà ìbí. Èsì tó dára ń dín agbára olùpẹ̀jọ́ kù, ṣùgbọ́n kì í fi gbogbo ìgbà parí ọ̀rọ̀. Bí okùn bá fún pọ̀ pátápátá, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ èyí tó ti wà níbẹ̀ kí wàhálà tó dé.

Máàkì Apgar, tí Dókítà Virginia Apgar gbé kalẹ̀ ní 1952, ń wo ohun márùn-ún: àwọ̀ ara, ìlù ọkàn, bí ọmọ ṣe ń fèsì, agbára iṣan, àti èémí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0 sí 2. Ìṣẹ́jú 1 àti 5 ni wọ́n ń gbà á, wọ́n sì ń tún un gbà ní 10 bí ọmọ bá ṣì rọ. Máàkì ìṣẹ́jú 1 kò ní láárí nínú ẹjọ́. Èyí tí ọ̀mọ̀ràn ń wá ni bóyá ó wà lábẹ́ 5 ní ìṣẹ́jú 5 àti 10.

MRI ló sábà máa ń dá àríyànjiyàn dúró. Bí àìtó ọ́síjìn bá jẹ́ ojijì tó sì pọ̀ gan-an, bíi nígbà tí ilé ọmọ fà ya tàbí tí okùn ìwọ́ yọ síwájú orí ọmọ, àárín gbùngbùn ọpọlọ ni ìpalára máa ń wà. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀bá ọpọlọ, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dé kẹ́yìn, ló ń mú. Èyí ló ń yí ìṣirò ẹjọ́ padà. Fún ti ojijì, àwọn ọ̀mọ̀ràn sábà máa ń gbà pé ara ọmọ lè fara dà á fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kí ìpalára tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ ń kà. Ká ní ọmọ jáde ní ìṣẹ́jú 22, tí ilé ẹjọ́ sì gbà pé ká ní wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ, ìṣẹ́jú 18 ni ì bá jáde, ìbéèrè ni pé: ìpalára mélòó ni ìṣẹ́jú 4 yẹn fi kún un? Olùjẹ́jọ́ á ní díẹ̀ ni. Olùpẹ̀jọ́ á ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ tó ń rìn àti ọmọ tí kò lè jókòó ni. Nínú irú ẹjọ́ yìí, òṣùwọ̀n ẹ̀rí ni pé kó ṣeé ṣe jù kó má ṣeé ṣe lọ, ìyẹn kó lé ní ìdajì. Kò ní láti dájú bíi ti ẹjọ́ ọ̀daràn.

Ìkùnà tún lè wà lẹ́yìn ìbí, kódà bí ìrọbí bá lọ geere. Ọmọ tó ti pé ọ̀sẹ̀ 36 nínú oyún tí ọpọlọ rẹ̀ sì fi àmì àìtó ọ́síjìn hàn lè rí ìrànlọ́wọ́ bí wọ́n bá mú ara rẹ̀ tutù sí 33 sí 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí 72, ṣùgbọ́n wákàtí 6 àkọ́kọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ náà, tó sì jókòó ti ọmọ títí wákàtí 9 kó tó pe ibi tó ní in, ti dá ẹjọ́ mìíràn sílẹ̀ lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibà pọ́njú tó bá yọ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Kò sígbà tí irú rẹ̀ kì í ṣe àmì àìsàn, ó sì ń fẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Bí bilirubin (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fa ibà pọ́njú) bá gòkè jù tí wọn kò sì tọ́jú rẹ̀, ó ń ba ọpọlọ àti etí jẹ́. Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ lára ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ náà lè ba ọpọlọ jẹ́ bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀.

Èjìká tó há

Orí jáde, èjìká há sẹ́yìn egungun ìbàdí. Agbẹ̀bí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ìpayà sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n ṣẹ́ itan ìyá sókè sí ikùn, èyí tí wọ́n ń pè ní McRoberts, kí ẹlòmíràn sì fọwọ́ tẹ òkè egungun abẹ́ ìdodo. Bí kò bá gbà, kí wọ́n yí èjìká láti inú tàbí kí wọ́n fa apá ẹ̀yìn jáde. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni kó máa ti òkè ikùn, torí ńṣe ló túbọ̀ ń kan èjìká mọ́ egungun, tàbí kó máa fa orí ọmọ tagbára tagbára. Ìfàgbára yìí ló ń ya iṣan tó ti ọrùn lọ sí apá, C5 àti C6 (ẹ̀ka karùn-ún àti ìkẹfà ní ọrùn) jù lọ, tí apá ọmọ á fi rọ jọwọ́lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ọ̀pọ̀ wọn ń bọ̀ sípò. Èyí tí ọmọ kò bá lè ká ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ títí oṣù 3 nílò oníṣẹ́ abẹ iṣan.

Nínú ìwé, ẹ wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: èjìká wo ló wà níwájú, ọ̀tún tàbí òsì? Bó bá jẹ́ pé apá tó wà lẹ́yìn ló fara pa, olùjẹ́jọ́ á sọ pé agbára ìrọbí fúnra rẹ̀ ló fà á, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni, adájọ́ sì sábà máa ń gbọ́. Bí ìwé kò bá sọ èyí tó wà níwájú rárá, tí kò sì kọ ìṣẹ́jú tí orí jáde àti èyí tí ara jáde, àìkọ̀wé náà di ohun ìjà fún olùpẹ̀jọ́.

Orí ọ̀rọ̀ èjìká yìí ni ẹjọ́ Montgomery dá lé, èyí tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti United Kingdom dá ní 2015. Ìyá náà ní àtọ̀gbẹ, kò sì ga. Ewu pé kí èjìká há jẹ́ 9 sí 10 nínú 100. Dókítà rẹ̀ kò sọ fún un torí pé, ó ní, bí òun bá sọ ọ́, gbogbo aláboyún tó ní àtọ̀gbẹ ló máa ní àwọn fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ìṣẹ́jú 12 kọjá láàárín ìgbà tí orí ọmọ jáde àti ìgbà tí ara rẹ̀ jáde. Ilé ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ ìyá ni láti mọ ewu tí èèyàn tó wà nípò rẹ̀ máa kà sí, owó gbà-má-bínú náà sì jẹ́ mílíọ̀nù £5.25. Ṣáájú ìgbà náà, ẹjọ́ Bolam ti 1957 ni wọ́n ń tẹ̀ lé nínú gbogbo rẹ̀: bí àwọn dókítà tó mọṣẹ́ bá lè gbà pé ohun tí ẹnìkejì wọn ṣe tọ̀nà, kò jẹ̀bi. Ní 1997, ẹjọ́ Bolitho fi kún un pé adájọ́ lè ta irú èrò bẹ́ẹ̀ nù bí kò bá bọ́gbọ́n mu. Bolam ṣì wà fún ọwọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ bá aláìsàn sọ, Montgomery ti rọ́pò rẹ̀.

Ìyá náà lẹ́jọ́

Ojú gbogbo ayé máa ń wà lára ọmọ, bẹ́ẹ̀ ìyá lè ní ẹjọ́ tirẹ̀ tí àkókò rẹ̀ ń kọjá lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni mo máa fi ṣíwájú. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ju mílílítà 500 lọ lẹ́yìn ìbí ojú ara ti di ìsun ẹ̀jẹ̀, 1,000 sì léwu gan-an. Ojú kì í díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ńṣe ló máa ń bù ú kù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n wọn aṣọ àti kánrìnkán tó mu ẹ̀jẹ̀ lórí ìwọ̀n. Gíráàmù 1 tó fi wúwo ju ti gbígbẹ lọ jẹ́ nǹkan bí mílílítà 1. Tranexamic acid, oògùn tó ń dá ìsun ẹ̀jẹ̀ dúró, gíráàmù 1, láàárín wákàtí 3 lẹ́yìn ìbí ló ń ṣiṣẹ́. Ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀ kì í sábà dá lé pé wọn kò ṣe ohunkóhun. Pé wọ́n pẹ́ ni, tí ìwé sọ mílílítà 600, tí ìlù ọkàn ìyá ti di 130, tí ẹnì kankan kò sì béèrè pé báwo ni méjèèjì ṣe lè jóòótọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún tẹ̀ lé e. 160 lórí 110 gbọ́dọ̀ rí oògùn kíákíá, kì í ṣe kí wọ́n sọ pé kó lọ sinmi kó padà wá lọ́la. Magnesium sulfate ló ń dènà gìrì, òun náà sì lè pani bí wọ́n bá fi sílẹ̀ láìṣọ́: wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ orúnkún wò bóyá ó ń ta, kí wọ́n ka èémí, kí wọ́n wọn ìtọ̀, kí calcium gluconate, oògùn tó ń pa agbára rẹ̀, sì wà nítòsí. Ìwé tí kò ní nǹkan wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Fífàya ojú ara dé ihò ìdí lè ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ agbẹ̀bí tó dára jù lọ, kì í ṣe ìkùnà fúnra rẹ̀. Ìkùnà ni kí wọ́n má fi ìka yẹ ihò ìdí wò kí wọ́n tó rán an, kí wọ́n kà á sí ìfàya kékeré, kí ìyá sì wá rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pé òun kò lè dá ìgbẹ́ dúró. Irú èyí náà ni àpò ìtọ̀ tí ọ̀bẹ kàn nígbà iṣẹ́ abẹ: kíkàn án lè jẹ́ ewu iṣẹ́, àìrí i kí wọ́n tó pa ikùn dé lọ̀rọ̀ ń dá lé. Aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú ìyá kò ní àwíjàre.

Àkókò, ọ̀mọ̀ràn, owó

Gbèdéke àkókò yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ní England, ọdún 3 ni, láti ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tàbí ọjọ́ tí èèyàn mọ̀. Ti ọmọ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá pé ọdún 18, ó sì parí ní 21. Bí ọpọlọ rẹ̀ kò bá lè dá ṣe ìpinnu láé, gbèdéke kò bẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ New York, ọdún 2 àti oṣù 6 ni, ti ọmọ kò sì lè ju ọdún 10 lọ. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba ìlú níbẹ̀, wọ́n ń fẹ́ ìwé ìkìlọ̀ láàárín ọjọ́ 90. Ọ̀pọ̀ òbí ń kàn sí lọ́yà nígbà tí ọmọ kò bá rìn ní ọdún méjì, tí gbèdéke yìí sì ti kọjá tipẹ́.

Ẹ̀rí ọ̀mọ̀ràn kò lè jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Agbẹ̀bí ló ń sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ agbẹ̀bí, dókítà aláboyún lórí tirẹ̀. Dókítà ọmọ tuntun àti ẹni tó ń ka àwòrán ọpọlọ ni ti okùnfà. Bí dókítà aláboyún bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìgbà tí ọpọlọ fara pa, lọ́yà ẹ̀gbẹ́ kejì á fà á ya.

Owó ìtọ́jú ló pọ̀ jù nínú gbà-má-bínú, kì í ṣe owó ìrora. Bí ọmọ bá nílò olùtọ́jú wákàtí 10 lójúmọ́, ọdún kan jẹ́ wákàtí 3,650, ogójì ọdún sì jẹ́ 146,000. Ẹ fi iye tí wọ́n ń san fún wákàtí kan lọ́po rẹ̀, kí ẹ tó fi kẹ̀kẹ́, ilé tó ṣeé wọ̀, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àti owó iṣẹ́ tí ọmọ náà kò ní lè ṣe kún un. Nítorí èyí, iye ọdún tí ọmọ náà máa lò láyé di ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, ọ̀rọ̀ tó le fún òbí láti jókòó gbọ́. Ní California, òfin MICRA ti 1975 fi òpin $250,000 sí owó ìrora. Láti 2023 wọ́n ti gbé e sí $350,000 fún ẹni tó yè, tó ń gòkè lọ́dọọdún títí á fi dé $750,000. Òfin náà kò kan owó ìtọ́jú.

Àwọn ilẹ̀ kan ti yọ ẹ̀bi kúrò nínú rẹ̀, wọ́n ń sanwó láìbéèrè ẹni tó jẹ̀bi. Japan bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní January 2009: mílíọ̀nù yen 30 fún ọmọ tó bá ní cerebral palsy tó le, 6 mílíọ̀nù lẹ́ẹ̀kan, ìyókù ní 1.2 mílíọ̀nù lọ́dún fún 20 ọdún. Ní New Zealand, ACC, àjọ ìjọba tó ń san owó ìpalára, ló ń bójú tó o, wọ́n sì fi ìpalára ìyá nígbà ìbímọ kún un láti October 1, 2022. Virginia àti Florida ní Amẹ́ríkà ní irú rẹ̀ fún ọpọlọ ọmọ tuntun. Lójú tèmi, ètò tó ń san díẹ̀ kíákíá sàn fún ìdílé tí kò lè dúró fún ọdún púpọ̀ kí ẹjọ́ tó parí. Ẹ kàn mọ̀ pé bí irú rẹ̀ bá wà níbi tí ẹ wà, wíwọ inú rẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́.

Bí lọ́yà bá ní òun kò gba owó àfi bí ẹ bá jàre, ẹ béèrè pé ta ló ń san owó àwọn ọ̀mọ̀ràn bí ẹ bá pàdánù, àti pé ṣé kí wọ́n tó yọ owó náà ni wọ́n ń ṣírò ìdá tirẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ń parí nípa àdéhùn, ti ọmọ sì sábà máa ń nílò kí adájọ́ buwọ́ lù ú. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ wo ohun mẹ́ta nínú ìwé àdéhùn náà: bóyá owó ìtọ́jú máa wọlé lọ́dọọdún tó sì ń gòkè pẹ̀lú owó ọjà tàbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bóyá gbígba owó ńlá lójijì máa yọ ọmọ kúrò nínú ìrànlọ́wọ́ ìjọba tó ń rí gbà, àti bóyá gbólóhùn tó sọ pé “gbogbo ẹ̀tọ́ ti parí” ti gbé ẹjọ́ ìyá lọ mọ́ ti ọmọ.